Ta ló fún ọmọbìnrin yẹn ní iná?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ, nípa ọmọbìnrin kan n'Íbàdàn tí iná máa ń jáde lọ́wọ́ ẹ̀ tínú bá ń bí i. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ka fántásì òyìnbó kà á, ó ní idán inú ẹ̀ ò lófin, pé mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ìṣirò, ibi tí agbára yẹn ti ń wá àti iye tó ń ná an. Èmi sọ fún un pé juju kì í lófin, bó ṣe wu ẹni tó ni ín ló ṣe ń lò ó. Màámi wá dá sí i, wọ́n ní tí mo bá lọ kọ ọfọ̀ sínú ìwé, mo lè fi pe ohun tí mi ò mọ̀. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ, mo ka orí mẹ́ta tó o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, mo tún padà lọ ka orí kẹta, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn òǹkọ̀wé tún ìtàn wọn ṣe, ìtàn iwin, ìtàn ọdẹ, ẹni tó ń fò, ẹni tó ń di ẹranko, oríṣiríṣi ló ti kọjá lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àìlágbára akọni ló ń ba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́, agbára kì í wọ́n nínú wọn, ó máa ń pọ̀ débi tá á fi sú èèyàn. Ibi tó ti ń fọ́ ni pé tí mo bá bi òǹkọ̀wé pé ta ló fún ẹni yìí ní nǹkan tó ń lò, kí ni wọ́n sì ní kó má ṣe, á kàn máa wò mí ni. Bẹ́ẹ̀, ibi tí agbára ti wá ló ń sọ ibi tó ti máa kùnà, ibi tó bá sì ti kùnà gan-an ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ dá lé, bó bá tiẹ̀ gùn, fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ká kọ́kọ́ mú ti ọ̀rẹ́ ẹ. Ohun tó sọ yẹn níbi tó ti wá. Brandon Sanderson, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ló kọ ọ́ lọ́dún 2007, ó pè é ní òfin àkọ́kọ́ tòun, àwọn tó ń kọ fántásì sì ti gbé e káàkiri débi pé ọ̀pọ̀ tó ń fẹnu pè é ò ka ohun tó kọ gan-an. Ohun tó sọ ni pé bí idán inú ìwé bá ṣe yé òǹkàwé tó, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé ṣe lè fi yanjú wàhálà inú ìtàn tó. Ìyẹn ni pé tí ọmọbìnrin ẹ bá máa fi iná bọ́ lọ́wọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ní orí kẹta, ó yẹ kí n ti mọ̀ láti orí kìíní pé iná yẹn wà, kí n mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kò sọ pé kó o wá fi ojú ìwé mẹ́wàá ṣàlàyé ibi tí iná ti wá. Kò tiẹ̀ sọ pé idán tí wọn ò ṣàlàyé ò dáa, ó kàn sọ pé irú ìyẹn, kó máa dẹ́rù bani, kó máa yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n kó má lọ máa ṣe ẹrù tó yẹ kí akọni fúnra ẹ̀ rù. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ ẹ gbọ́ orin yẹn, àmọ́ ó fi ẹsẹ̀ kan kún un.

Ọ̀rọ̀ "iye tó ń ná an" yẹn náà, ibi tó ti wá ọ̀tọ̀ ni. Míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ R. H. Codrington, tó gbé láàárín àwọn ará Melanesia ní àárín òkun Pacific, kọ nípa ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ kan, mana, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1891. Lọ́dọ̀ wọn, mana ni agbára tó máa ń wà lára èèyàn, lára òkúta, lára ẹ̀mí àìrí, tó ń mú kí nǹkan ṣẹ. Nígbà tó di 1969, Larry Niven, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú ìtàn kúkúrú kan, ó sọ ọ́ di nǹkan tó wà nínú ilẹ̀ tó sì ń tán, bí epo rọ̀bì, tí oṣó bá ti lò ó tán níbì kan kò ní í lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ la wá ń rí i nínú gíìmù, ọ̀pá aláwọ̀ búlúù tó máa ń lọ sílẹ̀ tó o bá ti ju iná, tó tún máa ń kún padà bíi bátìrì fóònù. Òmíì tún wà, èyí tí oṣó máa há ọfọ̀ sórí, tó bá ti pè é tán, kíá, ó ti pa rẹ́ lọ́kàn ẹ̀, àfi kó tún lọ há a. Inú ìtàn Jack Vance ti ọdún 1950 nìyẹn ti wá, àwọn tó ṣe gíìmù Dungeons & Dragons lọ́dún 1974 ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Mi ò bú wọn o, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ ní kó o kọ iye tó ń ná an, bátìrì ló wà lọ́kàn ẹ̀, bátìrì yẹn sì lẹ́ni tó ṣe é. Kì í ṣe pé bí idán ṣe rí níbi gbogbo láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé nìyẹn.

Ó yá, ó kàn ẹ́. O ní juju kì í lófin. Ibẹ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ̀ pé fíìmù lo ti rí i, èyí tí bàbá kan á kàn na ọwọ́, iná á jáde, ọ̀tá á ṣubú. Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n ní ìgbàdí kan tí wọ́n máa ń fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, awọ ẹ̀ ti dúdú, ó ti ń dán, wọ́n fi owó ẹyọ mẹ́ta rán ojú ẹ̀, tó o bá sún mọ́ ọn, òórùn àdí ló máa ń ta síni nímú. Tí wọ́n bá ti so ó mọ́ra, wọn ò gbọdọ̀ gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí kọjá. Ilé wa nígbà yẹn, ojú àgbàlá gan-an ni wọ́n ta okùn aṣọ sí, láti ara igi ọsàn títí dé ara ògiri bálùwẹ̀. Mo ṣì ń rí i lójú mi báyìí, lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bàbá yìí ti igbó dé, ìbọn wà léjìká, ẹran wà lọ́wọ́, ilẹ̀kùn wà níwájú wọn níbẹ̀ yẹn, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ni wọ́n bá yí padà, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n gba ojú àkìtàn, wọ́n wá gba ẹnu ọ̀nà òpópónà wọlé, omi ti rẹ wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, torí okùn aṣọ. Ìyàwó wọn sáré jáde tó fẹ́ já okùn yẹn, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀, kò ṣe nǹkan. Wá sọ fún mi pé juju ò lófin. Òfin ló pọ̀ níbẹ̀ ju agbára lọ! Àmọ́ òfin tiwa kì í ṣe bátìrì. Èèwọ̀ ni. Tó o bá jẹ èèwọ̀ ẹ̀, nǹkan ò ní í dín kù díẹ̀díẹ̀, ó bà jẹ́ nìyẹn, ó sì lè yí padà sí ẹni tó ni ín. Òǹkọ̀wé tó bá ní èèwọ̀ kan ṣoṣo tó dáa lọ́wọ́ ti ní ìdajì ìtàn, torí kí ni ọ̀tá ń wá kiri? Èèwọ̀ akọni ni. Ta ló sì mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ń bá a gbé.

Ọ̀rọ̀ "idán" tó o ń lò yẹn náà, mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún un. Ọ̀rọ̀ òyìnbó, magic, ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì ló ti wá, láti ara magos, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn àlùfáà ilẹ̀ Páṣíà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ní ìtumọ̀ "nǹkan tí àwọn àjèjì yẹn máa ń ṣe" nínú. Àwa ò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹ̀. Idán ni ohun tí ojú rí, bíi ti eégún alápidán tó wọ inú ẹ̀kú tó jáde ní erè tàbí ọ̀nì. Oògùn ni èyí tí wọ́n fi ewé àti egbò ṣe. Ọfọ̀ ni ti ẹnu. Àṣẹ ni èyí tó ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn rí bẹ́ẹ̀, òun làwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé dé Brazil tí wọ́n ń pè é ní axé títí dòní, tí àwọn ti Cuba ń pè é ní aché. Kódà oògùn nìkan tún pín: egbé ló ń gbé èèyàn láti ibi ewu délé, àféèrí ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí i, kánàkò ló ń ké ọ̀nà jíjìn kúrú, gbètugbètu ni wàá fi pàṣẹ fún èèyàn tá á sì ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ tiẹ̀, kò sí èyí tó ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ní egbé tí kò ní àféèrí, ìtàn tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ọfọ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú wọn, jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. O mọ èyí tó sọ pé ohun tá a bá wí fún ọgbọ́ lọgbọ́ ń gbọ́, ohun tá a bá wí fún ọgbà lọgbà ń gbà. Ewé kan wà tó ń jẹ́ ọgbọ́ lóòótọ́. Kí ló wà nínú orúkọ ẹ̀? Gbọ́. Kí ni wọ́n ní kó ṣe? Kó gbọ́. Ewé àjẹ́-ò-fòlé tí wọ́n máa ń gbìn sí àgbàlá, gbólóhùn odidi ni orúkọ ẹ̀, pípè tó o pè é lásán, o ti sọ pé kí àjẹ́ má fò lé ilé yìí. Àlùpàyídà, inú orúkọ ẹ̀ náà ni yíyí nǹkan padà wà. Pierre Verger, ará Faransé tó gbé ní Brazil tó sì di babaláwo, tó ń jẹ́ Fátúmbí, kó ọ̀pọ̀ irú èyí jọ sínú ìwé ńlá kan nípa ewé tó jáde lọ́dún 1995, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ máa ń bá ohùn orúkọ ewé mu. Ìyẹn ni pé nínú èrò àwọn baba wa, orúkọ nǹkan àti iṣẹ́ ẹ̀, nǹkan kan náà ni, ẹni tó bá mọ orúkọ tó mọ ìṣẹ̀dá ẹ̀, nǹkan yẹn ò ní í lè kọ̀ fún un. Ursula Le Guin, ará Amẹ́ríkà, kọ ìtàn oṣó kan lọ́dún 1968 tí agbára inú ẹ̀ dá lórí orúkọ gidi tí gbogbo nǹkan ní. Ó jọra, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀ ẹ̀. Nínú tiẹ̀, wọ́n fi orúkọ gidi pa mọ́, ẹni tó bá rí i ló jàre. Nínú tiwa, gbogbo ayé ló ń pe ọgbọ́ ní ọgbọ́, kò pa mọ́, etí tó gbọ́ "gbọ́" nínú ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé ìwọ tó ń fi Yorùbá kọ̀wé ní irinṣẹ́ kan tí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ò ní, ohùn èdè náà fúnra ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, má fi sílẹ̀ lọ máa wá ọ̀pá búlúù.

Àwọn tó ti kọ ọ́ ṣáájú wa ńkọ́? Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, Fágúnwà ò ní ká jókòó kóun máa ṣàlàyé. Ó kàn pe akọni ẹ̀ ní Àkàrà-oògùn, ó ní ọdẹ olóògùn ni bàbá ẹ̀, àjẹ́ ni ìyá ẹ̀, ó parí. Nínú gbólóhùn méjì yẹn, o ti mọ ibi tí agbára ti wá, o sì ti mọ̀ pé wàhálà wà nílé, torí ọdẹ àti àjẹ́ kì í gbé pọ̀ kó má bú jáde. Lóòótọ́, ó bú jáde, bàbá yìnbọn fún ẹtu kan, ẹ̀jẹ̀ ẹtu yẹn ni wọ́n sì tẹ̀ lé tó gbé wọn padà délé ara wọn, àṣé ìyàwó wọn ló di ẹtu. Nígbà tí wọ́n ń lọ Òkè Lángbòdó, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọdẹ ló ní tiẹ̀: Olóhùn-iyọ̀, orin, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ, gbígbọ́ èdè ẹranko, Ìmọ̀dóyè tí àjà ti gbé lọ rí, ọgbọ́n. Ẹni tí àjà gbé lọ tó sì padà, gbogbo ilé Yorùbá ló mọ̀ pé onímọ̀ ewé ló máa ń dà, kò sídìí àlàyé.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láéláé ni ti Amos Tutùọlá, nínú ìwé ọ̀mu ẹmu, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde lọ́dún 1952. Ọkọ àti ìyàwó yẹn fẹ́ wọ inú igi funfun ńlá kan, ni wọ́n bá ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì yá ẹnì kan ní ẹ̀rù wọn, pẹ̀lú èlé pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà torí yíyá ni wọ́n yá a, ṣùgbọ́n ikú, wọ́n ti tà á, ọjà títà kì í padà. Àtìgbà yẹn, wọn ò lè kú mọ́, àmọ́ wọ́n ń bẹ̀rù. Jọ̀ọ́, dúró ro ìyẹn wò. Ẹni tí kò lè kú tó ṣì ń gbọ̀n! Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni, títà àti yíyá, gbogbo ìyálọ́jà ló sì mọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ọgba. Òfin wà níbẹ̀ tó le bí irin, kò sì sí ojú ìwé tó ti ṣàlàyé ẹ̀.

Ní báyìí, ọmọbìnrin tìẹ. Mo rí ọ̀nà mẹ́ta kan tàbí mẹ́rin tó o lè gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó dùn àti ibi tó kan. O lè sọ pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, bí wọ́n ṣe ń bí Dàda tòun ti irun ẹ̀. Ìyẹn rọrùn, ó sì bá ilé wa mu, torí a ti mọ̀ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ, wọn kì í kàn dédé fá irun Dàda. Ibi tó ti kan ni pé ó lè sọ ọ́ di ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan kan, tá á wá máa ṣe bí ọba. O lè sọ pé ó jogún ẹ̀, àmọ́ ogún máa ń ní gbèsè àti ọmọ bàbá mìíràn tó ń bínú, o gbọ́dọ̀ ṣe tán láti kọ ìjà ẹbí. O lè sọ pé òrìṣà kan ló fún un, Ṣàngó ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn tó bá ti di ọ̀rọ̀ iná. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà tó jọ èyí nínú ìwé ẹ̀ ti ọdún 2018, ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà ni agbára ti ń wá, Yorùbá ló sì fi kọ ọfọ̀ inú ẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà yẹn tóbi, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n òrìṣà kì í ṣe ẹ̀rọ iná, wọ́n lólùsìn tó wà láàyè, tó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú ẹ, tó o bá máa mú Ṣàngó wọ inú ìtàn ẹ, lọ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó ń sìn ín, bi wọ́n léèrè, má fi fíìmù kọ ọ́. O sì lè sọ pé ó rà á ni, tàbí pé ó jí i. Èmi, ká ní ìtàn tèmi ni, jíjí yẹn ni mo máa mú, torí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ ń bọ̀.

Ṣé o lè má mú ọ̀kankan? O lè ṣe é. Ìtàn dáadáa wà tí a ò mọ ibi tí agbára inú ẹ̀ ti wá títí tó fi parí, mo sì ti ka irú ẹ̀ tó gbà mí lóorun. Ṣùgbọ́n ìwọ òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n bí òǹkàwé ò tiẹ̀ mọ̀. Ó máa ń hàn tó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé gan-an ò mọ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n.

Ó wá ku ti màmá ẹ. Mi ò ní í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ wọn. Èmi kì í ṣe babaláwo, iṣẹ́ ìtàn ni mo mọ̀, torí náà mi ò lè jókòó síbí kí n sọ fún wọn pé ọfọ̀ kan á ṣiṣẹ́ tàbí kò ní í ṣiṣẹ́ lórí bébà. Ohun tí mo lè sọ ni pé Fágúnwà, tíṣà ni, onígbàgbọ́ ni, ìwé tí mo sọ lókè yẹn sì rèé, CMS, ìjọ àwọn míṣọ́nnárì, ló gbé e jáde lọ́dún 1938, tòun tàwọn iwin àti oògùn inú ẹ̀. Sọ ìyẹn fún màámi, ó lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Èkejì ni pé o ò nílò ọfọ̀ gidi. Má lọ da èyí tí ẹnì kan fi sí ẹ létí kọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ fún ẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Ṣe tìẹ. Wá orúkọ nǹkan kan nínú ìtàn ẹ tó ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú, kó o mú ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn jáde, kó o fi í pàṣẹ. Mo ti ní kí àwọn òǹkọ̀wé kan gbìyànjú ẹ̀ rí, ẹni tó kọ́kọ́ ní òun ò mọ ọfọ̀ kankan ló kọ èyí tó mú kí irun ara wa dìde. Bí màámi bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn la ẹnu, kí àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ohùn, kí wọ́n má gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìyẹn náà dáa, nígbà míì ó tiẹ̀ dáa jù.

Padà sí orí kẹta. Ní Ìwó Road, nínú dánfó yẹn, ọ̀kan nínú àwọn gbọ́mọgbọ́mọ di ọwọ́ ẹ̀ mú, iná sì sọ, gbogbo wọn sá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra ẹ̀pà, ó lọ sílé. Ẹ̀pà yẹn dùn mọ́ mi, má yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n iná tó sọ yẹn, ṣe ló kàn tán síbẹ̀. Ká ní ẹnì kan ló fún un, ẹni yẹn á ti mọ̀ pé wọ́n lò ó. Ká ní ó jí i ni, olówó ẹ̀ á ti gbóòórùn ẹ̀ láti ibi tó wà. Ká ní èèwọ̀ ẹ̀ ni kó má fọwọ́ kan iyọ̀ lẹ́yìn tó bá lò ó, ẹ̀pà oníyọ̀ tó ń jẹ lọ sílé tìdùnnú-tìdùnnú yẹn máa mú kí òǹkàwé fẹ́ pariwo. Tún orí yẹn kọ, fi ránṣẹ́ sí mi tó o bá ṣetán, má jẹ́ kó pẹ́, mo fẹ́ mọ ẹni tó ni iná yẹn.